Báwo lẹ ṣe ń dán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wò lórí yíyẹ òróró olóòórùn wò, kó tó gba fírídọ́ọ̀mù?

Ìyá Onílọ́fínńdà, Ọjà Ọba

Ẹ kú ọjà o, gbogbo ilé. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì lọ́dọ̀ mi fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n mọ ọjà tà, wọ́n mọ bí a ṣe ń wọn òróró sínú ìgò kéékèèké, kọ́sítọ́mà fẹ́ràn wọn. Ibi tó kù sí ni yíyẹ ọjà wò. Bí kẹ́ẹ̀gì tuntun bá ti Kánò tàbí Èkó dé, ṣé wọ́n lè dá a mọ̀ bóyá ògidì ni àbí àbùlà? Bí mo bá ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gbé imú lé ẹnu ìgò, wọ́n á ní, "Ó dáa, Ìyá." Ó dáa bíi ti báwo? Mo fẹ́ ìdánwò tí ojú mi á fi rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n, tí n óò sì lè fi ìwé rẹ̀ han òbí wọn. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín?

Àáfà Alátárì, Gàmbàrí

Ìyá, ẹ kú làálàá. Ẹ má fi ìgò tó wà lórí pákó ṣọ́ọ̀bù yín dán wọn wò. Ọmọ tó ti ń nu ìgò kan náà láràárọ̀ mọ̀ ọ́n láti ara ìdérí rẹ̀, láti ara àwọ̀ rẹ̀, láti ibi tó máa ń wà. Imú kọ́ ló fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ìgò dúdú tó dọ́gba, ẹ da òróró sí i nígbà tí kò sí ọmọ kankan nítòsí. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sára ìgò, kó sì jẹ́ nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀: 417, 862, 305. Ẹ má kọ 1, 2, 3 o, ẹ má sì kọ A, B, D. Ẹni tó bá rí A, ọkàn rẹ̀ á ti máa sọ fún un pé èyí ló dára jù. Ìwé tí ẹ kọ ìdáhùn sí, inú àpò yín ni kó wà.

Ẹ tún fi òróró kan náà sínú ìgò méjì, kí nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Ọmọ tó bá ní 417 dára, tó tún ní wọ́n ti bu nǹkan la 862, ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ló ń sọ. Mi ò tíì rí ọgbọ́n mìíràn tó ń tú àṣírí báyìí.

Kẹ́mísìrì Táńkẹ̀

Ọ̀rọ̀ Àáfà tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdánwò onígo-mẹ́ta kún un. Àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ àti ti lọ́fínńdà ń lò ó káàkiri ayé, ìlànà ISO 4120 ló wà fún un. Ìgò mẹ́ta ni ẹ ó gbé síwájú ọmọ. Òróró kan náà wà nínú méjì, ẹ̀kẹta yàtọ̀. Kó mú èyí tó yàtọ̀. Bí kò bá dá a lójú, kó ṣáà mú ọ̀kan.

Ẹni tó kàn ń méfò lè gba ọ̀kan nínú mẹ́ta. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹni tí kò gbóòórùn rárá lè gba mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìgbà 10 nínú 100. Ṣùgbọ́n kí ó gba márùn-ún tàbí mẹ́fà, kò tó ìgbà 2 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí márùn-ún nínú mẹ́fà fi yẹ kó jẹ́ ààlà yín. Ẹni tó gba mẹ́rin, ẹ má fi àánú gbé e kọjá, ẹ tún un dán wò lọ́jọ́ mìíràn.

Ibi tó rọrùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ògidì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ òróró ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àbùlà náà dín sí ìdá márùn-ún, kó tún dín sí ìdá mẹ́wàá. Ibi tí imú ọmọ náà ti dákẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ìwé tí ẹ lè fi han òbí.

Ọmọ Ìpàtà

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà, ìgò méjìdínlógún! Imú tí yóò gbóòórùn ìyẹn tán, ṣé ó tún lè gbóòórùn ọbẹ̀ nírọ̀lẹ́?

Kẹ́mísìrì Táńkẹ̀

Àbúrò, o ò purọ́. Imú máa ń rẹ̀. Ẹ pín in: méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lọ́jọ́ kejì. Láàárín rẹ̀, kí ọmọ bọ́ síta kó mí. Àwọn kan ń gbé kóró kòfí sórí tábìlì pé ó ń fọ imú. Wọ́n ti dán ìyẹn wò, kò ṣe ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Kó gbé imú sí aṣọ ara rẹ̀, ó tó.

Ẹ má jẹ́ kó fa òórùn lẹ́nu ìgò. Bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó tẹ̀ bọ inú rẹ̀, kó sì gbé e jìnnà sí imú díẹ̀. Àwọn tó fúyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, èèpo ọsàn, ewé tíì. Úùdù, sándà àti mískì ni ìkẹyìn, torí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ imú. Ẹ má ṣe é níbi tí tùràrí ti ń jó. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ẹ dá tirẹ̀ dúró. Ìgbà ọyẹ́ náà kò dára fún irú ìdánwò yìí, imú gbogbo wa ló máa ń gbẹ nígbà yẹn.

Tíṣà Ọ̀fà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Nǹkan méjì lẹ ń pò pọ̀, àwọn ọmọ náà sì ń pò ó pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òróró kan wà tí wọ́n fi ooru omi fà jáde lára ewé tàbí ìrudi òdòdó: kànáfùrù, ewé tíì, efinrin, yúkálípítọ́ọ̀sì. Ti èèpo ọsàn, fífún ni wọ́n sábà máa ń fún un. Nípa àwọn wọ̀nyí, èèyàn lè béèrè pé, "Ṣé ògidì ni?" Ìdáhùn wà, nọ́ńbà sì wà tí a lè fi wọ́n ún. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lórí pákó yín, tí wọ́n ń pè ní mískì funfun, rósì, tàbí tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́fínńdà olówó ńlá, ilé iṣẹ́ ló pò ó láti inú oríṣiríṣi kẹ́míkà olóòórùn. Òróró rósì tó ti ara òdòdó wá ń gba tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ tàbí mẹ́rin òdòdó kí kílò kan tó jáde. Kò sí ẹni tó máa ta ìyẹn fún yín ní kẹ́ẹ̀gì ní Ọjà Ọba. Bí ọmọ bá sọ nípa irú òróró àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ pé "ògidì rósì ni," kò tíì mọ iṣẹ́, bó ti wù kí imú rẹ̀ mú tó.

Ìbéèrè tó yẹ fún àpòpọ̀ ni: ṣé ó bá èyí tí a rà tẹ́lẹ̀ mu? Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ ní àpẹẹrẹ ìpamọ́. Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé tó sì dára, ẹ bu mílílítà 10 níbẹ̀ sínú ìgò dúdú, kó kún dé ọrùn kí afẹ́fẹ́ má ráyè, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ gbé e síbi tó tutù. Ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì tuntun bá dé, ẹ fi méjèèjì sórí bébà lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, tèmi ni pé kí ẹ gbé ìgò kan fún ọmọ, kí ẹ dákẹ́. Bó bá kọ́kọ́ béèrè pé, "Ìyá, ṣé ti ewé ni àbí àpòpọ̀? Ṣé àpẹẹrẹ ìpamọ́ wà?" ẹ ti fún un ní máàkì kó tó ṣí ìdérí.

Ìyá Onílọ́fínńdà, Ọjà Ọba

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an. Èmi ń ta méjèèjì. Àwọn ọlọ́ṣẹ àtàwọn alákíríìmù ń ra kànáfùrù, ewé tíì àti ọsàn lọ́wọ́ mi, ìyókù jẹ́ àpòpọ̀ láti Dubai. Àpẹẹrẹ ìpamọ́ yẹn, mo máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Fún ti ewé ńkọ́, kí ni wọ́n lè ṣe láìsí ẹ̀rọ ńlá?

Kẹ́mísìrì Táńkẹ̀

Ìyá, ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìdánwò náà ti le jù.

Bébà ni àkọ́kọ́. Ẹ̀kán òróró kan sórí bébà funfun. Ọsàn tàbí ewé tíì tó jẹ́ ògidì máa ń fẹ́ lọ, kì í fi ọ̀rá sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bu òróró ẹ̀pà là máa ń fi ojú kan tó ń tan sílẹ̀, irú èyí tí ìwé àkàrà máa ń ní. Ṣùgbọ́n sándà tàbí vetiver (òróró gbòǹgbò koríko kan) wúwo, wọ́n máa ń pẹ́ lórí bébà láìsí àbùlà kankan. Ọmọ tó bá lo bébà láti da sándà nù, ó ti da owó yín nù.

Omi ni ìkejì. Sìríńjì ńlá méjì tí ẹ dí ẹnu rẹ̀ ni mo ń lò. Mílílítà 5 òróró, mílílítà 5 omi, ẹ mì ín, ẹ gbé e dúró. Bí òróró bá dín tí omi sì ga sí i, ẹnì kan ti bu sípíríìtì tàbí DPG là á. DPG yẹn ni omi tó ki díẹ̀ tí àwọn alápòpọ̀ ń lò láti fi dín lọ́fínńdà kù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú àpòpọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni tí wọ́n bá tà á fún yín ní iye owó ògidì kànáfùrù.

Sípíríìtì ni ìkẹta. Kànáfùrù tó jẹ́ ògidì máa ń yọ́ pátápátá nínú ìlọ́po méjì rẹ̀ sípíríìtì 70%, ó máa ń mọ́ kedere. Bí ó bá ṣú tàbí tí ọ̀rá ya sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, òróró jíjẹ tàbí parafíìnì ti wọ inú rẹ̀. Pańpẹ́ méjì wà níbẹ̀ o. Òróró lárà máa ń yọ́ nínú sípíríìtì tó le ju 70% yẹn lọ dáadáa, ó yàtọ̀ sí gbogbo òróró jíjẹ yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ tan yín jẹ mọ ìyẹn. Bébà ló máa tú u síta. Èkejì, òróró ewé tíì tiwa níbí máa ń ṣú díẹ̀ nínú sípíríìtì, pàápàá tó bá ti pẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni bu nǹkan là á.

Òṣùwọ̀n ni ìkẹrin, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wọn ìgò tó ṣófo, ẹ fi sìríńjì wọn mílílítà 10 òróró sí i, ẹ tún un wọ̀n. Ní ìwọ̀n ooru 20 tí ìwé máa ń lò, ọsàn máa ń jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 8.4 sí 8.5, ewé tíì 8.7 sí 9, kànáfùrù 10.4 sí 10.6. DPG jẹ́ 10.2, òróró ẹ̀pà 9.1 tàbí 9.2. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: òróró ẹ̀pà àti ewé tíì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí òṣùwọ̀n kò ní fi rí i. Bébà á rí i. Bí ẹnì kan bá sì bu sípíríìtì àti DPG papọ̀ la ọsàn, ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo, òṣùwọ̀n á sọ pé kò sí nǹkan. Omi á sọ òótọ́. Kò sí àyẹ̀wò kan tó dá tó. Ohun tí ẹ fẹ́ rí lọ́wọ́ ọmọ ni pé ó mọ èyí tó kàn lẹ́yìn tí èkíní bá ti dákẹ́.

Ooru Ìlọrin ńkọ́? Bí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní 33 tàbí 34, òróró á wú díẹ̀, mílílítà 10 á fi nǹkan bíi gíráàmù 0.1 fúyẹ́ sí ti ìwé. Ọmọ tó gba ìwé gbọ́ láìwo ooru á kọ ọjà tó dára.

Àǹtí Ọlọ́ṣẹ, Òmù-Àrán

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń rà sọ̀rọ̀. Kànáfùrù rọrùn jù: ẹ kán an sínú ife omi, kó rì. Èyí tó bá léfòó, mo ń gbé owó mi padà sílé.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni ọsàn tó ti pẹ́. Kò sí ẹni tó bu nǹkan là á, àmọ́ oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti bà á jẹ́ nínú ìgò tó ṣófo dé ìdajì. Ó máa ń rùn bíi tápẹntáìnì àwọn akunlé, ó sì lè yọ ara èèyàn lẹ́nu. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù á búra fún mi pé ògidì ni, òótọ́ sì ni wọ́n sọ! Ògidì tó ti bàjẹ́ ni. Ìyá, ẹ fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ kan sínú ìdánwò yín. Ẹ gbé ọsàn sẹ́nu fèrèsé kí oòrùn máa pa á, kí ìdérí rẹ̀ má le. Ọmọ tó bá ní "kò sí àbùlà ṣùgbọ́n ẹ má tà á," ẹ fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni n óò ti máa rajà.

Tíṣà Ọ̀fà

Àǹtí ti gbà á lẹ́nu mi. Àṣìṣe méjì ló wà, àwọn ọ̀gá sì máa ń wo ọ̀kan ṣoṣo. Gbígba ọjà burúkú la máa ń bẹ̀rù. Kíkọ ọjà rere, ta ni ó ń kà á? Olùtajà tí ẹ bá pè ní olè láìnídìí kò ní padà wá. Ẹ fi kànáfùrù tó ti dúdú sínú ìgò tí kò wuni, ògidì ni, ọjọ́ ló mú un dúdú. Ẹ fi àbùlà tó mọ́ kedere sínú ìgò tó rẹwà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wàhálà á sọ̀kalẹ̀.

Lórí máàkì: èmi máa ń fi èyí tó pọ̀ sórí ìdí tí ọmọ fi sọ ohun tó sọ, mi ò kì í fi sórí ìdáhùn nìkan. "Kí ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀?" Bó bá ní, "Bébà ní ọ̀rá, mo tún wò ó lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀rá náà ṣì wà," ó mọ̀ ọ́n. Bó bá ní, "Mo kàn mọ̀ ni," òdo, kódà bó gbà á. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò kò fi lè parí lọ́jọ́ kan. Òórùn tó wà lórí bébà nísinsìnyí, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti lọ́jọ́ kejì kì í ṣe ọ̀kan náà, àbùlà sì sábà máa ń fara hàn nígbà tí èyí tó fúyẹ́ bá ti fò lọ. Ọmọ tí kò padà wá wo bébà rẹ̀ láàárọ̀, ẹ má bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí "mi ò mọ̀, ó kù kí n yẹ̀ ẹ́ wò" jẹ́ ìdáhùn tó ní máàkì (kì í ṣe nínú onígo-mẹ́ta, ìyẹn ní òfin tirẹ̀).

Ẹ sì máa wo ọwọ́ wọn. Ta ló tọ́ ọ wò lẹ́nu? Ta ló fi kànáfùrù ògidì pa ara láìbu nǹkan là á? Ta ló ń da sípíríìtì nítòsí iná? Nítorí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, mo lè dá ìdánwò dúró lójú ẹsẹ̀.

Àáfà Alátárì, Gàmbàrí

Ọmọ kan lọ́dọ̀ mi kò fẹ́ fọwọ́ kan sípíríìtì, ó ní ọtí ni. Èmi ò bá a jà. Ẹlòmíràn bá a dà á, òun dúró, ó ń wò, ó ń sọ ohun tó rí àti ohun tó túmọ̀ sí. Mo fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Ẹ má jẹ́ kí irú ìyẹn já ọmọ tó mọ iṣẹ́.

Tíṣà sọ̀rọ̀ àpòpọ̀. Ẹ fi àtárì (òróró olóòórùn òdòdó) náà kún un. Ní Kannauj ní Íńdíà, inú òróró sándà ni wọ́n ti máa ń gba òórùn òdòdó sí láti ayébáyé. Sándà wọ́n, ọ̀pọ̀ wá ń fi parafíìnì rọ́pò rẹ̀. Orúkọ kan náà, ìgò kan náà. Parafíìnì kì í yọ́ nínú sípíríìtì, sándà máa ń yọ́. Ẹ lè fi ìyẹn ṣe ìbéèrè fún àwọn tó ti gòkè díẹ̀.

Ọmọ Ìpàtà

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ní ìbéèrè tòótọ́. Mískì funfun kan wà tí mi ò gbóòórùn rẹ̀ rárá. Bí omi ló rí ní imú mi. Àwọn yòókù ń sọ pé ó ń ta sánsán. Ọ̀gá mi rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Ṣé wọ́n á já mi nítorí ìyẹn?

Kẹ́mísìrì Táńkẹ̀

Àbúrò, ìwọ nìkan kọ́. Àwọn èèyàn pọ̀ tí imú wọn dá pé, àmọ́ tí wọn kò gbóòórùn oríṣi mískì kan pàtó. Bí wọ́n ṣe dá wọn ni. Ìyá àti ẹ̀yin ọ̀gá yòókù, ẹ kọ́kọ́ fi ìgò márùn-ún mẹ́fà wo imú ọmọ kí ẹ tó máa kà á sí àìmọ̀ṣẹ́. Bó bá jẹ́ òróró kan ṣoṣo ló pòórá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé "kò gbóòórùn mískì báyìí," kó máa pe ẹlòmíràn nígbà tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá dé. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ló pòórá, ẹ rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà. COVID kó imú àwọn kan lọ, ti ẹlòmíràn kò sì padà pátápátá.

Alájì Onítùràrí

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ́ ọmọ ni mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀gá kan tó máa wá láti ibòmíràn wá yẹ ọmọ mi wò.

Àǹtí Ọlọ́ṣẹ, Òmù-Àrán

Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n wá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti dárúkọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n wá: ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ti ra aṣọ fírídọ́ọ̀mù, bàbá rẹ̀ ti san owó kánópì. Ta ló máa já a lọ́jọ́ yẹn? Ẹ gbé ìgò yín fún ọ̀gá mìíràn kó fi nọ́ńbà sí i, kó jókòó tì yín. Ẹ̀yin náà á lọ jókòó tì í nígbà tirẹ̀. Kó jẹ́ oṣù kan ṣáájú ayẹyẹ, kí ọmọ tó bá kùnà rí àyè tún un ṣe.

Alájì Onítùràrí

Oṣù kan ṣáájú, mo gbà. Jíjókòó tì mí, n óò rò ó.

Ìyá Onílọ́fínńdà, Ọjà Ọba

Ẹ kú ìrànlọ́wọ́ o, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Ìbéèrè méjì ló kù. Níbo ni mo ti lè rí òṣùwọ̀n tó mọ gíráàmù kéékèèké? Ọmọ àbúrò mi sì ní kí n ra refractometer, pé ó ń sọ ògidì lójú ẹsẹ̀.

Kẹ́mísìrì Táńkẹ̀

Òṣùwọ̀n tí àwọn oníwúrà ń lò ni, èyí tó ń ka gíráàmù 0.01. Kò wọ́n púpọ̀. Kí ẹ fi nǹkan tí ẹ mọ ìwúwo rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn.

Refractometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ bó bá wọ inú nǹkan olómi, dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, èyí kékeré tí àwọn tó ń ṣe júùsì ń lò kò lè ka òróró. Ṣúgà ni wọ́n ṣe é fún, òǹkà rẹ̀ kì í dé ibi tí òróró wà. Ọsàn ń bẹ ní 1.470 sí 1.476, kànáfùrù ní 1.527 sí 1.535, ní ìwọ̀n ooru 20. Òǹkà ti kékeré yẹn kì í kọjá nǹkan bí 1.38. Ti orí tábìlì tó wà ní lábù ilé ìwé gíga ló lè kà á. Ẹ bá àwọn ará lábù sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ gbé ìgò wọn lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀ kí wọ́n tó wo ẹ̀rọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Onílọ́fínńdà, Ọjà Ọba

Ìgò tí a ti lò ńkọ́, ṣé mo lè fọ̀ ọ́?

Àáfà Alátárì, Gàmbàrí

Ìgò, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sípíríìtì ṣàn án, ẹ sá a sóòrùn láìdé e fún ọjọ́ méjì. Ìdérí onírọ́bà, ẹ jù ú nù, kò sí ohun tó lè yọ mískì kúrò lára rẹ̀.